Ìpàtẹ ọjà àwọn oníṣẹ́-ọwọ́

Ìpàtẹ ọjà àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ni àpéjọ tí àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan, bí aládìrẹ, ahunṣọ, amọ̀kòkò, agbẹ́gilére, alágbẹ̀dẹ àti àwọn tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀, ti máa ń kó iṣẹ́ wọn wá sí ojú kan náà fún ọjọ́ mélòó kan, kí àwọn oníbàárà àti àwọn onílé-ìtajà lè wò ó, kí wọ́n rà á, tàbí kí wọ́n béèrè fún èyí tí a óò ṣe fún wọn lẹ́yìn náà. Ó yàtọ̀ sí ọjà ojoojúmọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní, ó ní àkókò pàtó tí ó máa ń wáyé nínú ọdún. Èkejì, ẹni tí yóò pàtẹ gbọ́dọ̀ san owó ìsọ̀ kí ó tó wọlé, yálà ó tà tàbí kò tà. Ẹ̀kẹta, púpọ̀ nínú òwò tí ó ń ti ibẹ̀ jáde kì í parí lórí àtẹ. Lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti tú ká ni ó ń parí.

Fún oníṣẹ́ kékeré tí òun àti ọmọ-iṣẹ́ kan tàbí méjì jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, ìpàtẹ kan ṣoṣo lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé ìlú tí òun fúnra rẹ̀ kò dé rí. Ó sì lè gbé ojú-owó rẹ̀ lọ. Ohun tí ó máa ń pààlà sí àárín àwọn méjèèjì ni ìṣirò tí a ṣe kí a tó lọ, àti bí a ti ṣe ń mú àdéhùn ṣẹ lẹ́yìn tí a bá dé.

## Ìtàn

Kí ìpàtẹ ọjà ti òde òní tó dé, ilẹ̀ Yorùbá ti ní ọjà tí kì í ṣe ojoojúmọ́. Ọjà ọrọọrún máa ń pé ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń ka ọjọ́. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n jìnnà síra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjà Òjé ní Ìbàdàn, tí a mọ̀ fún aṣọ òkè, jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọjà tí ó ń kó àwọn oníṣẹ́ jọ láti ọ̀nà jíjìn: àwọn ahunṣọ àti àwọn alájàpá aṣọ máa ń ti Ìṣẹ́yìn àti àwọn ìlú mìíràn wá síbẹ̀. Ìlànà tí ó wà nídìí rẹ̀ ni a tún rí nínú ìpàtẹ ti òde òní: bí ọjọ́ ọjà bá ṣọ̀wọ́n, ẹni tí ó ń rà àti ẹni tí ó ń tà yóò mọ̀ pé ọjọ́ kan náà ni àwọn gbọ́dọ̀ pàdé.

Ní Yúróòpù, ìlú Leipzig ní Jámánì wà lára àwọn ìlú tí ìtàn ìpàtẹ so mọ́ jù lọ. Ní ọdún 1497, Ọba Maximilian Kìíní fún ìlú náà ní ẹ̀tọ́ pàtàkì láti máa ṣe ọjà ńlá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, odindi ẹrù ni àwọn oníṣòwò máa ń kó wá síbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin àti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ gbilẹ̀, kò pọn dandan mọ́ pé kí a kó gbogbo ọjà wá. Ní ọdún 1895, Leipzig ṣe ìpàtẹ àpẹẹrẹ ọjà: ẹyọ kan péré nínú irú ọjà kọ̀ọ̀kan ni a pàtẹ, oníbàárà wò ó, ó kọ iye tí ó fẹ́ sílẹ̀, a sì ṣe é ránṣẹ́ sí i. Orí ọgbọ́n yìí ni ọ̀pọ̀ ìpàtẹ òwò lágbàáyé dúró lé títí di òní.

Oríṣi ìpàtẹ mìíràn tún wà tí ìlépa rẹ̀ jẹ́ ìfihàn ju títà lọ. Ìpàtẹ Ńlá ti ọdún 1851, tí a ṣe nínú ilé onídígí tí a kọ́ sí Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù, gba àlejò tí iye rẹ̀ lé ní 6,000,000. Nígbà ìpàtẹ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní ọdún 1924 àti 1925, Nàìjíríà ní ààyè tirẹ̀, àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ níwájú àwọn olùwòran. Ìran wíwò ni a fi wọ́n ṣe níbẹ̀. Ìjọba amúnisìn ni ó ṣètò ìpàtẹ náà, tí ó sì pinnu ohun tí a óò fi hàn.

Ìpàtẹ tí àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ fúnra wọn jẹ́ olórí rẹ̀ gbèrú ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹgbẹ́ American Craft Council, tí Aileen Osborn Webb wà lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀, ṣe ìpàtẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Stowe, ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní ọdún 1966. Ìpàtẹ náà kó lọ sí Rhinebeck ní ìpínlẹ̀ New York ní ọdún 1973, òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ ní Baltimore ní ọdún 1977. Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ náà gbà pín ọjọ́ ìpàtẹ sí méjì, ọjọ́ kan fún àwọn onílé-ìtajà àti ọjọ́ mìíràn fún gbogbo ènìyàn, fi ẹsẹ̀ ọ̀nà méjèèjì tí oníṣẹ́ ń gbà tajà múlẹ̀ gbọn-in.

Ní Nàìjíríà, ọdún 1977, ọdún kan náà tí a ṣe àjọ̀dún FESTAC, ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ọgbà ìpàtẹ ọjà ńlá tí ó wà ní ojú ọ̀nà Badagry ní Èkó.

## Oríṣi ìpàtẹ

A lè pín ìpàtẹ tí oníṣẹ́-ọwọ́ lè lọ sí ọ̀nà mẹ́ta.

* Ìpàtẹ gbogbo ènìyàn. Ẹnikẹ́ni lè wọlé, ẹyọ kan tàbí méjì ni oníbàárà sì máa ń rà. Owó máa ń wọlé lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ kó ọjà púpọ̀ dání.
* Ìpàtẹ òwò. Àwọn onílé-ìtajà, alárọ́bọ̀ àti àwọn tí ń ra ọjà fún ilé ìtura tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan ni ó ń wọlé. Àpẹẹrẹ ọjà ni a ń kó lọ. Oníbàárà kì í gbé nǹkan kan lọ sílé. Ìwé ni ó ń kọ.
* Ìpàtẹ alápapọ̀. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, yálà ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tàbí ní àkókò kan náà.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí oníṣẹ́ lọ sí oríṣi kan pẹ̀lú ìmúra ti èkejì. Ẹni tí ó kó ọgọ́rùn-ún aṣọ lọ sí ìpàtẹ òwò yóò rí i pé ẹrù ni òun rù lásán. Ẹni tí ó kó àpẹẹrẹ mẹ́wàá lọ sí ìpàtẹ gbogbo ènìyàn yóò ti tà tán kí ọjọ́ kejì tó pé, yóò sì jókòó sórí ìsọ̀ òfìfo tí ó ti sanwó rẹ̀.

## Àwọn ìpàtẹ tí a mọ̀

* Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé ti Èkó ń wáyé ní oṣù kọkànlá, ó sì máa ń gba ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àti onílé-iṣẹ́ Èkó, LCCI, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1888, ni ó ń ṣètò rẹ̀. Ìpàtẹ gbogbo ọjà ni. Ìsọ̀ oníṣẹ́-ọwọ́ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oníkòkò ìdáná tàbí ti oníjẹnẹrétọ̀.
* INAC, tí ó ti kọ́kọ́ ń jẹ́ AFAC, jẹ́ ìpàtẹ iṣẹ́-ọnà àti iṣẹ́-ọwọ́ tí Àjọ Ìjọba Àpapọ̀ fún Iṣẹ́-ọnà àti Àṣà ń ṣe ní Àbújá.
* SIAO bẹ̀rẹ̀ ní Ouagadougou, ní Burkina Faso, ní ọdún 1988. A dá a sílẹ̀ láti máa wáyé ní ọdún méjì-méjì, iṣẹ́-ọwọ́ Áfíríkà nìkan ni ó sì dá lé lórí.
* Ọjà Iṣẹ́-ọnà Ìbílẹ̀ Àgbáyé ti Santa Fe, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004. Oṣù keje ni ó ń wáyé. Ìgbìmọ̀ ni ó ń yan àwọn oníṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀.
* Ambiente ní Frankfurt, ní Jámánì, máa ń wáyé ní oṣù kejì ọdún. Ìpàtẹ òwò ni, fún ohun èlò ilé àti ẹ̀bùn.
* Maison & Objet ní Paris máa ń wáyé ní oṣù kìíní àti oṣù kẹsàn-án.
* Spring Fair ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń wáyé ní oṣù kejì.

## Bí a ṣe ń gba ààyè

Ní ọ̀pọ̀ ìpàtẹ gbogbo ọjà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sanwó ni ó ń kọ́kọ́ rí ààyè. Ìpàtẹ tí ó jẹ́ ti iṣẹ́-ọwọ́ nìkan máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìgbìmọ̀ aṣàyẹ̀wò ni ó ń yan ẹni tí yóò wọlé. Ìgbìmọ̀ yìí kì í sábà fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Àwòrán ni wọ́n ń wò. Nítorí náà, àwòrán ni ó kọ́kọ́ ń jà fún oníṣẹ́. Èyí tí a yà sí ojú àwọ̀ kan ṣoṣo, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tí kò ní òjìji, tí ó sì fi ìrísí ojú àti ẹ̀yìn iṣẹ́ hàn, sàn ju èyí tí a yà lórí àga ní ìyẹ̀wù lọ. Àwọn ìgbìmọ̀ kan tún máa ń béèrè àwòrán ìsọ̀ tí oníṣẹ́ ti pa tẹ́lẹ̀.

Ìgbìmọ̀ máa ń fẹ́ mọ̀ pẹ̀lú bí a ti ṣe iṣẹ́ náà àti ẹni tí ó ṣe é. Ẹni tí ó kọ pé òun ń tajà àdìrẹ kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tí ó ṣàlàyé pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, pé láfún ni a fi se ẹ̀kọ tí a fi ya ọnà rẹ̀, pé ìyẹ́ adìẹ ni a fi yà á, àti pé inú aró ẹ̀lú ni a ti rẹ ẹ́, ti fún ìgbìmọ̀ ní ohun tí wọn yóò fi mọ iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú àti 10 ní òró ni ìwọ̀n ìsọ̀ tí ó wọ́pọ̀. Ní Yúróòpù, mítà oníbùú-lóròó ni a fi ń ta ààyè. Kí oníṣẹ́ tó sanwó, ó yẹ kí ó béèrè bóyá ilẹ̀ òfìfo ni òun ń rà tàbí ìsọ̀ tí a ti fi ògiri mẹ́ta yí ká, bóyá iná mànàmáná, tábìlì àti àga wà nínú owó náà, àti iye tí yóò gbà padà bí kò bá lè wá.

## Ìnáwó àti ìṣirò èrè

Owó ìsọ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, ṣùgbọ́n ó lè má tó ìdajì gbogbo ìnáwó. Owó ọkọ̀ wà, owó ilé tí a óò sùn, oúnjẹ, tábìlì àti ohun tí a óò fi aṣọ kọ́, pátákó orúkọ, iná, àpò tí a óò fi di ọjà, àti owó ẹni tí yóò dúró ti ìsọ̀ nígbà tí oníṣẹ́ bá fẹ́ jẹun tàbí ṣe ẹ̀yọ̀. Ọjọ́ tí a fi wà ní ìpàtẹ náà jẹ́ ìnáwó, nítorí pé ìkòkò aró kò ṣiṣẹ́ nílé ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere. Iye owó tí ó wà nínú rẹ̀ wà fún ìṣirò nìkan. Kì í ṣe iye tí ìpàtẹ kan pàtó ń gbà. Kí a mú aládìrẹ kan láti Abẹ́òkúta tí ó ń lọ sí ìpàtẹ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ní Èkó:

* Owó ìsọ̀: ₦150,000
* Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀: ₦60,000
* Ilé àti oúnjẹ fún ènìyàn méjì: ₦140,000
* Ohun èlò ìsọ̀: ₦50,000
* Àpapọ̀: ₦400,000

Ó ń ta aṣọ kan ní ₦12,000. Aṣọ funfun, aró àti àwọn èròjà yòókù ná an ní ₦4,500. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà nínú aṣọ náà, ti òun àti ti ọmọ-iṣẹ́, tó ₦2,500. Nítorí náà, ₦7,000 ni aṣọ kan ná an, èrè orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦5,000. Bí a bá pín ₦400,000 sí ₦5,000, a ó rí i pé ó gbọ́dọ̀ ta 80 aṣọ kí ó tó san gbogbo ìnáwó ìpàtẹ, ìyẹn aṣọ mẹ́jọ lójúmọ́. Láti orí ìkọkànlélọ́gọ́rin ni èrè ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kékeré ti ń ṣi ìṣirò ni iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn. Bí obìnrin yìí kò bá ka ₦2,500 náà, yóò gbà pé èrè òun lórí aṣọ kan jẹ́ ₦7,500. Bí ó bá ta 60 aṣọ, yóò rò pé òun rí ₦450,000, àti pé lẹ́yìn tí òun yọ ìnáwó kúrò, òun jèrè ₦50,000. Ní òtítọ́, ₦300,000 ni èrè orí 60 aṣọ, ó sì ti pàdánù ₦100,000. Kò mọ̀, nítorí pé owó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Agbára tirẹ̀ àti ti ọmọ-iṣẹ́ ni ó fi dí àlàfo náà. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ láti ìpàtẹ kan dé òmíràn, ọjọ́ tí ó bá fẹ́ gba oníṣẹ́ tí a ń sanwó fún ni yóò tó mọ̀ pé òwò náà kò gbé ara rẹ̀.

## Iye ọjà ẹyọ àti ti ọ̀pọ̀

Onílé-ìtajà kò lè rà ní iye tí yóò tà. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó wọ́pọ̀ pé kí ilé-ìtajà ta ọjà ní ìlọ́po méjì iye tí ó rà á, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni yóò ti san owó ilé, owó òṣìṣẹ́ àti owó-orí. Èyí ni pé oníṣẹ́ tí ó fẹ́ wọ ìpàtẹ òwò gbọ́dọ̀ ní iye méjì: iye ẹyọ àti iye ọ̀pọ̀.

Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, bí aládìrẹ náà bá ta aṣọ fún onílé-ìtajà ní ₦9,000, ₦2,000 ni yóò kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì gbọ́dọ̀ ta 200 aṣọ kí ó tó san ìnáwó ìpàtẹ. Bí ó bá tà á ní ìdajì ₦12,000, pípàdánù ni. Oníṣẹ́ tí ó bá ara rẹ̀ ní irú ipò yìí ní ọ̀nà díẹ̀: kí ó gbé iye ẹyọ ga, kí ó dá ọjà mìíràn tí kò gba iṣẹ́ púpọ̀ sílẹ̀ fún àwọn onílé-ìtajà, bí ìborùn tàbí aṣọ ìnuwọ́, tàbí kí ó gbà pé ìpàtẹ gbogbo ènìyàn nìkan ni ó yẹ òun. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Òfin kan tí àwọn onílé-ìtajà kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni pé kí oníṣẹ́ má ṣe ta ẹyọ fún gbogbo ènìyàn ní iye tí ó tà á fún wọn. Bí oníbàárà bá rí i pé aṣọ tí ó wà nínú ilé-ìtajà kò tó ìdajì iye yẹn lórí ìsọ̀ ẹni tí ó ṣe é, ilé-ìtajà náà kì í padà wá mọ́. Nítorí èyí, ìnájà, tí ó jẹ́ ẹwà ọjà nílẹ̀ Yorùbá, gbọ́dọ̀ ní ààlà ní ìpàtẹ. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń kọ iye sí ara ọjà, wọ́n a sì fi ẹ̀dínwó sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ra ju iye kan lọ.

## Pípa ìsọ̀

Àlejò ìpàtẹ kì í dúró pẹ́ kí ó tó pinnu bóyá òun yóò yà. Ìsọ̀ tí a ti gbé ọjà sí ibi gíga tí ojú ń dé máa ń sàn ju èyí tí gbogbo nǹkan tò sílẹ̀ lórí tábìlì lọ. Aṣọ tí a ṣẹ́ sórí ara wọn kò fi ọnà rẹ̀ hàn. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ́, ní ìbú àti òró rẹ̀, kí a lè rí àpapọ̀ ọnà bí Ìbàdàndùn tàbí Olókun. Ohun tí ó wúwo bí ìkòkò amọ̀ máa ń wà nísàlẹ̀, kí ó má baà já lu ènìyàn.

Ṣíṣe iṣẹ́ lójú àwọn àlejò máa ń fa èrò. Aládìrẹ tí ó ń fi ìko di aṣọ, tàbí agbẹ́gilére tí ó ń fi ọ̀bẹ dán ère, ń dáhùn ìbéèrè tí oníbàárà kò tíì béèrè, ìyẹn bóyá ọwọ́ ni a fi ṣe é lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tí ó bá tẹrí ba sí iṣẹ́ kò lè kí àlejò, nítorí náà ó dára kí ẹni kejì wà níbẹ̀.

Ní àwọn gbọ̀ngàn ìpàtẹ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, aṣọ tí a bá fi ṣe ọ̀ṣọ́ ìsọ̀ sábà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ti fi oògùn sí kí iná má baà tètè mú un. Ní Nàìjíríà, ìmúra tí ó jẹ́ dandan yàtọ̀: iná tí ó ní bátìrì, rọ́bà tí a óò fi bo ọjà bí òjò bá rọ̀ sí àgọ́, owó ṣẹ́ńjì, àti ọ̀nà gbígba owó méjì ó kéré tán, nítorí pé ẹ̀rọ POS lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní ibi tí fóònù pọ̀ sí.

## Ìbéèrè ọjà àti agbára oníṣẹ́

Ìbéèrè ọjà ńlá ni ohun tí oníṣẹ́ ń gbàdúrà fún, òun náà sì ni ó lè ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Bí ilé kan bá lè ṣe 40 aṣọ ní ọ̀sẹ̀ kan, 300 aṣọ yóò gbà á ní ọ̀sẹ̀ méje àti ààbọ̀, bí kò bá ṣe iṣẹ́ mìíràn rárá. Àkókò náà ní ipa tirẹ̀. Ẹ̀kọ tí a fi ya àdìrẹ gbọ́dọ̀ gbẹ nínú oòrùn kí a tó rẹ aṣọ sínú aró, aṣọ tí a rẹ náà sì ń fẹ́ oòrùn. Ní ìgbà òjò, ọjọ́ kan lè di mẹ́ta. Aládìrẹ tí ó ń múra fún ìpàtẹ oṣù kọkànlá ní Èkó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ láàrin oṣù kẹfà sí ìkẹwàá, nígbà tí òjò kò jẹ́ kí oòrùn dára. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú.

Ìwé ìbéèrè ọjà tí ó péye máa ń ní nǹkan wọ̀nyí: irú ọjà àti iye rẹ̀, iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí a óò fi ránṣẹ́, ẹni tí yóò san owó ọkọ̀, àsansílẹ̀, àti ọjọ́ tí ìyókù owó yóò wọlé. Àwọn ilé-ìtajà òkè òkun kan máa ń béèrè pé kí àwọn sanwó ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí ọjà bá dé. Àwìn ni èyí, oníṣẹ́ tí owó aṣọ funfun ń fún lọ́rùn kò sì lè gbà á láìsí àsansílẹ̀.

Ó tún yẹ kí ìwé náà sọ bí ọjà yóò ṣe jọ àpẹẹrẹ tó. Ìkòkò aró kan kì í mú aṣọ jáde bákan náà pẹ̀lú òmíràn, nítorí náà a máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀. Ìyàtọ̀ tí kò yẹ kí ó sí ni ti ìdúróṣinṣin: aṣọ tí ó ń ṣí aró tàbí tí ó ń ya kì í ṣe ìyàtọ̀, àbùkù ni. Ìtàn Abẹ́òkúta jẹ́rìí sí èyí. Nígbà tí àwọn aládìrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ́sítíkì sódà àti aró òyìnbó dípò eérú àti ẹ̀lú, iṣẹ́ yá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pé aṣọ kò lágbára mọ́, ọjà àdìrẹ sì dẹnu kọlẹ̀. Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin de àwọn èròjà tuntun náà; ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin ààfin àti àwọn aládìrẹ, títí tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní ọdún 1936. Àwọn tí ń ra àdìrẹ nígbà náà wá láti ibi jíjìn bíi Gold Coast àti Senegal. Oníbàárà tí ó wà lókèèrè kì í wá jà. Ó kàn máa ń dẹ́kun rírà ni.

## Kíkó ọjà kọjá ibodè

Láàrin àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, bí Nàìjíríà, Benin àti Togo, iṣẹ́-ọwọ́ ìbílẹ̀ wà lára ọjà tí ètò òwò ọdún 1979 kọ́kọ́ yọ kúrò lábẹ́ owó ibodè. Oníṣẹ́ tí ó bá mọ èyí yóò kó ìwé tí ó fi hàn pé ilé ni a ti ṣe ọjà náà dání.

Ère àti iṣẹ́ idẹ nílò ìwé mìíràn. Nítorí pé Nàìjíríà kò fi ààyè gba kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba àṣẹ, Àjọ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí, tí òfin ọdún 1979 gbé kalẹ̀, máa ń fún iṣẹ́ tuntun ní ìwé àṣẹ tí ó fi hàn pé kì í ṣe ohun àtijọ́. Ère tí a gbẹ́ ní oṣù tí ó kọjá, tí a sì fi èéfín sọ di dúdú, lè jọ ti ọgọ́rùn-ún ọdún lójú òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú. Ìwé yìí ni yóò gbà á sílẹ̀.

Àdéhùn àgbáyé CITES náà dí òwò eyín erin àti karawun ìjàpá òkun láàrin orílẹ̀-èdè lọ́wọ́, awọ erè sì nílò ìwé àṣẹ. Àpótí onígi tí a fi di ẹrù gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ti fi ooru tàbí oògùn pa kòkòrò inú rẹ̀, kí ó sì ní òǹtẹ̀ ISPM 15 lára.

## Lẹ́yìn ìpàtẹ

Orúkọ àti nọ́ńbà tí a gbà ní ìpàtẹ máa ń tutù kíákíá. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú máa ń kọ̀wé sí gbogbo ẹni tí ó bá wọn sọ̀rọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n a sì rán ẹni náà létí ọjà tí ó dúró wò. Àwọn onílé-ìtajà kan máa ń wo oníṣẹ́ tuntun fún ìpàtẹ méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó rà, láti mọ̀ bóyá yóò pẹ́ nídìí iṣẹ́.

Àkọsílẹ̀ tí ó wúlò ní ohun mẹ́rin: iye tí a ná, iye tí a tà lórí àtẹ, iye tí a béèrè fún, àti iye nínú ìbéèrè náà tí owó rẹ̀ wọlé ní tòótọ́. Ìkẹrin yìí ni ó ń sọ bóyá kí a padà lọ.

## Àríwísí àti ìṣòro

Ẹ̀da. Ìpàtẹ ń fi ọnà tuntun han oníbàárà, ó sì ń fi í han ẹni tí ó fẹ́ da á kọ. Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ti ń ké gbàjarè lórí aṣọ olówó pọ́ọ́kú tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí ó jọ àdìrẹ lójú. Òfin Nàìjíríà gba oníṣẹ́ láàyè láti forúkọ ọnà tuntun sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kí ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ọnà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, nítorí náà ó bọ́gbọ́n mu kí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó gbé e lọ sí ìpàtẹ. Ọnà ìbílẹ̀ bíi Ìbàdàndùn kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ìtumọ̀ iṣẹ́-ọwọ́. Níbi tí kò sí ìgbìmọ̀ aṣàyẹ̀wò, ẹni tí ó ra ọjà ẹ̀rọ láti tún un tà lè gba ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó fi ọ̀sẹ̀ kan ya aṣọ kan. Oníbàárà tí kò mọ ìyàtọ̀ yóò ra èyí tí ó pọ́ọ́kú.

Ìnáwó. Owó ìsọ̀ kì í wo ìwọ̀n òwò. Nítorí náà, àwọn oníṣẹ́ kékeré máa ń parapọ̀ gba ìsọ̀ kan, wọ́n a pín ọjọ́ ìdúró, wọ́n a sì fi èésú tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kó owó náà jọ kí ọdún tó yí. Ọmọ ẹgbẹ́ kan lè lọ ṣojú fún àwọn yòókù, níwọ̀n ìgbà tí àkọsílẹ̀ ọjà ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wà.

Ìpàtẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19 ti ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn pa. Ambiente kò wáyé ní Frankfurt ní ọdún 2021 àti 2022. Ní àkókò náà, púpọ̀ nínú ríra ọjà ọ̀pọ̀ bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì padà tán. Síbẹ̀, aṣọ, amọ̀ àti igi jẹ́ ohun tí ọwọ́ ń fẹ́ fọwọ́ kàn, ìdí sì nìyẹn tí àwọn onílé-ìtajà fi ṣì ń rin ìrìn-àjò láti lọ wò wọ́n.

## Ẹ tún wo

* Àdìrẹ
* Aṣọ òkè
* Èésú
* Ọjà ní ilẹ̀ Yorùbá
* Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀